Bí ẹ ṣe lè fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay láàárọ̀, kí ẹ wo inú omi, kí ẹ sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ yín ń bi mí léraléra ni pé, ṣé èèyàn lè fi gọ́gù bojú kó sì wo inú omi òkun ní Èkó níbí, èbúté wo ló sì yẹ kó ti wọkọ̀. Ó ṣeé ṣe ní Tarkwa Bay, etíkun kan ní Èkó tí a ń fi ọkọ̀ ojú omi dé. Nǹkan méjì ló máa ń pinnu bóyá ọjọ́ náà yóò dára: ohun tí ẹ bá yẹ̀ wò ní èbúté kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, àti wákàtí tí omi òkun ń wọlé. Ẹni tó bá fi ojú kékeré wo èkejì yóò ná owó rẹ̀ tán láìrí ju omi ẹrẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ojú kékeré wo èkíní ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Nítorí náà, mo ti to ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹẹsẹ, bí mo ṣe máa ń ṣe é fúnra mi.

Ohun tí ẹ óò rí, àti èyí tí ẹ kò ní rí

Ẹ má retí omi tó mọ́ gaara bí èyí tí ẹ ń rí nínú àwòrán, nítorí ọ̀sà Èkó ń gba omi odò Ògùn àti ti àwọn odò mìíràn tó ń gbé ẹrẹ̀ wá láti òkè, ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ń gbà wọ Apápá ni gbogbo omi náà sì ń gbà tú sínú òkun. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà yìí gan-an ni Tarkwa Bay wà. Nígbà tí omi bá ń jáde, omi ọ̀sà ló máa ń bo etíkun náà, ẹ lè na ọwọ́ yín síwájú kí ẹ má rí àtẹ́lẹwọ́ yín. Nígbà tí omi bá ń wọlé, omi òkun tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ a máa ti omi ọ̀sà sẹ́yìn, ìgbà náà ni ẹ lè rí iyanrìn ìsàlẹ̀, ìkarahun, akàn àti àwọn ẹja kéékèèké tó ń rìn ní ọ̀wọ́.

Ìdí tí mo fi yan Tarkwa Bay ni pé wọ́n ti fi òkúta ńláńlá ṣe ògiri tó ń gba ìgbì dúró lẹ́bàá rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì rọlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ etíkun Èkó tó kọjú sí òkun gbalasa lọ.

Yíyan ọjọ́ àti wákàtí

1. Ẹ wá àkókò tí omi òkun yóò kún ní Èkó lórí fóònù yín. Omi máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí wákàtí 25, nítorí náà àkókò rẹ̀ ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́.
2. Ẹ mú ọjọ́ tí omi yóò kún láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 1 ọ̀sán. Wákàtí méjì tó ṣáájú ìgbà tí omi kún ni ojú omi máa ń mọ́ jù. Bí Sátidé kan bá bọ́ sí i, Sátidé tó tẹ̀ lé e kò ní dára, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àkókò náà yóò tún padà sí nǹkan bí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.
3. Ẹ wo òṣùpá. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, omi máa ń ṣàn pẹ̀lú agbára ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Ẹni tí kò tíì mọ ìlúwẹ̀ẹ́ dáadáa kò gbọdọ̀ yan irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.
4. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì tó ṣáájú, ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú.

Oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òjò ti dá. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ a máa mú kùrukùru wá ní àárọ̀ nígbà náà, bí ẹ bá sì dúró ní èbúté tí ẹ kò rí òdìkejì omi, ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí oòrùn kọ́kọ́ ràn. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ìgbì òkun máa ń le. Ní àsìkò náà, ẹ lè lọ jókòó létíkun kí ẹ jẹ ẹja yíyan, ṣùgbọ́n ẹ fi gọ́gù sílé.

Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọdún Iléyá, ọjọ́ Kérésìmesì àti ọjọ́ ọdún tuntun. Èrò máa ń pọ̀ ní èbúté lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ kan a sì máa kó èrò ju iye tí ọkọ̀ wọn lè gbà lọ.

Èbúté wo, ọkọ̀ wo?

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti orí ilẹ̀ bí Ìkẹjà, Ọ̀shòdì tàbí Súrùlérè, Erékùṣù Èkó tàbí Victoria Island ni ẹ óò ti wọkọ̀. Ẹni tó bá wà lápá Mile 2 lè wọ ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù dé Marina, kó sì ti ibẹ̀ dé èbúté CMS. Àwọn tó ń gba orí afárá Third Mainland lè lọ sí èbúté Five Cowries tó wà lẹ́bàá afárá Falomo ní Ìkòyí, tàbí kí wọ́n sọdá lọ sí àwọn èbúté tó wà lápá Bonny Camp ní Victoria Island, níbi tí àwọn ọkọ̀ Tarkwa Bay ti wọ́pọ̀ jù. Láti ibẹ̀, bí ìdajì wákàtí ni ìrìn náà máa ń gbà, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ẹ lè gbà wọkọ̀. Ẹ lè bá àwọn èrò mìíràn wọ ọ̀kan náà kí ẹ san owó orí yín, tàbí kí ẹ háyà odindi ọkọ̀ fún ìdílé tàbí ọ̀rẹ́ yín. Bí ẹ bá pé mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, háyà ni mo gbà yín nímọ̀ràn, nítorí ẹ̀yin ni ẹ óò yan wákàtí tí ẹ óò lọ àti èyí tí ẹ óò padà, wákàtí sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú omi dúró lé. Ẹ jẹ́ kí iye owó àlọ àti àbọ̀ yé yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ má san gbogbo rẹ̀ tán kí ọkọ̀ tó gbé yín padà.

Bí ẹ bá ń lọ pẹ̀lú afinimọ̀nà, ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí lórí fóònù, kí ẹ sì fetí sí bó ṣe dáhùn:

- Èèyàn mélòó ni ẹ óò mójú tó nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà?
- Ta ni yóò wà nínú omi pẹ̀lú wa, ta ni yóò sì dúró létí omi tí yóò máa wò wá?
- Aago mélòó ni omi yóò kún lọ́jọ́ náà?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta kì í ṣe afinimọ̀nà, bí ó ti wù kí àwòrán tó gbé síta dára tó.

Ní èbúté: ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ kánjú

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Ní Sátidé kan, èmi àti àbúrò mi obìnrin dé èbúté kan ní nǹkan bí aago 10 àárọ̀. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ọkọ̀ gbé fún mi ti ṣá, bọ́kúlù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti já, wọ́n sì fi okùn ọ̀rá dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹnu àpò ìrẹsì, so ó pọ̀. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù inú rẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò sì padà sókè mọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ bá mi wá òmíràn." Atukọ̀ dáhùn pé, "Mọ́mì, ẹ má dààmú, ojú omi dákẹ́ lónìí." Ojú tì mí láti dá àwọn èrò tó kù dúró, mo sì wọlé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀kánkán Apápá, ọkọ̀ òkun ńlá kan kọjá, ìgbì tó tì sílẹ̀ gbé imú ọkọ̀ wa sókè, ó sì jù ú sílẹ̀ gbà, omi ya lù wá lójú, àbúrò mi sì di ọrùn ọwọ́ mi mú tó bẹ́ẹ̀ tí àpá èékánná rẹ̀ fi hàn níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó bọ́ sómi, a dúpẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tèmi, ojú kò sì tì mí mọ́ láti sọ fún ọlọ́kọ̀ pé n kò lọ mọ́.

Bí a ṣe ń yẹ láìfù jákẹ́ẹ̀tì wò nìyí:

1. Ẹ tẹ fóòmù rẹ̀. Bí kò bá padà sí ipò rẹ̀, tàbí tó wúwo bí ohun tó ti mu omi, ẹ dá a padà.
2. Ẹ di gbogbo bọ́kúlù àti síìpù rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ fa okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi mú ara.
3. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ẹnì kan di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kó fà á sókè. Bí ó bá gòkè dé etí tàbí àgbọ̀n yín, ó ti tóbi jù, yóò sì bọ́ lọ́rùn yín nínú omi.
4. Fún ọmọdé, ẹ wo ìwọ̀n kílò tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ti àgbàlagbà tí wọ́n fi okùn dì mọ́ ọmọdé lára kò lè gbà á, nítorí orí ọmọ náà lè yọ́ wọ inú rẹ̀. Bí kò bá sí ti ọmọdé ní èbúté, ọmọ kò gbọdọ̀ wọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ojú sí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ iye èrò tí ọkọ̀ lè gbà sí ara rẹ̀. Ẹ ka orí tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ ka atukọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹ wò bóyá omi ti rọ́ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, bóyá nǹkan ìgbọ́nmi wà, bóyá àjẹ̀ wà tí wọ́n lè fi wa ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá kú, àti bóyá ohun èlò ìpaná wà nítòsí epo. Ẹ gbóòórùn: bí òórùn epo bẹntiróò bá gba gbogbo inú ọkọ̀, epo ń jò níbì kan. Okùn kan wà tó yẹ kí atukọ̀ so mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí yóò pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá ṣubú. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí atukọ̀ tó so ó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ẹ kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà ẹbí yín sínú ìwé orúkọ èrò, kí ẹ má ṣe kọ orúkọ ìnagijẹ. Bí kò bá sí ìwé kankan ní èbúté náà, ẹ lọ sí èbúté mìíràn. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé: orúkọ èbúté, àwọ̀ ọkọ̀ àti nọ́ńbà ara rẹ̀, àti aago tí ẹ retí láti dé.

Nínú ọkọ̀

Ẹ bọ́ bàtà tó ń yọ̀, ẹ gba ọwọ́ ọmọ ọkọ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sí àárín ọkọ̀, kì í ṣe sí etí rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ ló máa ń rọlẹ̀ jù. Iwájú ló máa ń fò jù. Aláboyún, àgbàlagbà àti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò gbọdọ̀ jókòó síwájú, nítorí bí imú ọkọ̀ ṣe ń na orí ìgbì lè ṣe ọ̀pá ẹ̀yìn léṣe. Nígbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá, ẹ di ohun tó wà níwájú yín mú, kí ẹ sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Bí òòyì bá máa ń kọ́ yín lórí omi, ẹ jẹ oúnjẹ díẹ̀ tí kò ní epo púpọ̀, ẹ jẹ atalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi. Ẹ má wo fóònù. Ẹ má sì ya àwòrán ọgbà àwọn ológun ojú omi tí ẹ bá rí lọ́nà.

Ewé orí omi a máa lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì nígbà mìíràn, ọkọ̀ yóò sì dúró láàárín omi. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ títí tí ọmọ ọkọ̀ yóò fi yọ ọ́. Bí gbogbo èrò bá dìde láti wò ó, ọkọ̀ lè dojú dé.

Kíkọ́ gọ́gù àti ọ̀pá ìmí

Ọ̀pá ìmí ni ọ̀pá tí a fi ń mí nígbà tí ojú bá wà nínú omi. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé inú òkun kí ẹ tó kọ́ bí a ṣe ń lo òun àti gọ́gù. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí adágún ìwẹ̀ níbi tí omi kò ti ju àyà yín lọ, kí ẹ lo wákàtí kan níbẹ̀.

1. Ẹ gbé gọ́gù, irú èyí tó bo imú, sí ojú yín láìfi okùn rẹ̀ kọ́rí, kí ẹ sì fi imú fa afẹ́fẹ́ sínú. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú láìjábọ́, ó bá yín mu. Irun iwájú orí àti irùngbọ̀n a máa jẹ́ kí omi wọlé, nítorí náà ẹ di irun sẹ́yìn.
2. Ẹ tutọ́ sí inú gíláàsì rẹ̀, ẹ fi ìka pa á, kí ẹ fi omi ṣàn án díẹ̀. Èyí ni kò ní jẹ́ kí ìrì bo ojú rẹ̀.
3. Ẹ fi eyín di ẹnu ọ̀pá ìmí mú jẹ́jẹ́, ẹ fi ètè bò ó. Ẹnu nìkan ni ẹ óò máa fi mí, díẹ̀díẹ̀, kó sì jinlẹ̀.
4. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí omi wọ inú ọ̀pá náà, kí ẹ sì fẹ́ ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára, bí ẹni tó ń pe "tú!" Ẹ ṣe èyí ní ìgbà 20, títí tí ẹ̀rù kò fi ní bà yín mọ́ bí omi bá wọlé.
5. Ẹ kọ́ láti dojú bolẹ̀ lórí omi láìjàgùdù, kí ẹsẹ̀ máa jù jẹ́jẹ́ láti ìbàdí.

Ẹ má ṣe mí kíákíá léraléra láti lè pẹ́ lábẹ́ omi. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ó ń fún wọn lágbára, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kí èèyàn dákú lábẹ́ omi láìsí àmì kankan tẹ́lẹ̀. Ẹ dúró sórí omi.

Nígbà tí ẹ bá dé Tarkwa Bay

Ẹ óò san owó díẹ̀ létíkun, ẹ óò sì san owó àga àti àtíbàbà. Ẹ mú owó ìwé dání, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún POS kò ṣeé gbára lé. Ẹ dúró wo omi fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Ẹ ju igi kékeré kan sínú omi, kí ẹ wo ibi tó ń lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin náà yóò máa lọ.

Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì yín nínú omi pẹ̀lú gọ́gù. Kò ní dí yín lọ́wọ́, nítorí orí omi ni ojú yín ti ń wo ìsàlẹ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù alápá gígùn, torí oòrùn a máa jó ẹ̀yìn ẹni tó dojú bolẹ̀. Ẹ máa lọ ní méjì-méjì, kí ẹ gbé orí sókè lẹ́yìn gbogbo mímí mẹ́wàá láti wo ara yín àti etíkun. Ẹ dúró níbi tí ẹsẹ̀ yín ti lè tẹ iyanrìn.

Àwọn ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ dé:

- Ẹ̀gbẹ́ ògiri òkúta náà. Ẹja pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbì lè gbá yín mọ́ òkúta tó mú bí ọ̀bẹ.
- Ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ń gbà wọlé. Atukọ̀ kò lè rí orí tó wà lójú omi.
- Etíkun ẹ̀yìn tó kọjú sí òkun gbalasa. Omi ibẹ̀ a máa fa èèyàn lọ.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

*Bí omi bá ń fà yín lọ:* ẹ má bá a jà. Ẹ máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etíkun, títí tí omi náà yóò fi dẹ̀, kí ẹ tó kọjú sílẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ léfòó, kí ẹ gbé ọwọ́ kan sókè, kí ẹ sì fọn fèrè.

*Bí jẹ́lìfíìṣì bá ta yín:* ẹ jáde, ẹ fi omi òkun ṣan ojú ibẹ̀, ẹ má fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn án, ẹ má sì fi iyanrìn ra á. Ẹ rọra fi igi ká okùn rẹ̀ kúrò lára. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná tí ara lè gbà yóò dín ìrora kù. Bí mímí bá ṣòro tàbí ojú bá wú, ilé ìwòsàn ló kàn.

*Bí ọkọ̀ bá dojú dé:* ẹ di ara ọkọ̀ mú, kí ẹ má lúwẹ̀ẹ́ kúrò nídìí rẹ̀ bí etíkun tilẹ̀ sún mọ́ yín lójú. Ẹ kó ara jọ pọ̀, kí ọmọdé wà láàárín. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó ni 112 tàbí 767. Ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ ọrùn, nítorí fóònù tó wà nínú báàgì ti rì nìyẹn.

Bí Tarkwa Bay kò bá bá yín lára mu

Ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè lọ sí Ilashe, tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilashe wà láàárín omi ọ̀sà tó lọ sí Badagry àti òkun: ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì sì ni òkun. Ibẹ̀ dára fún ìsinmi, ṣùgbọ́n òkun ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, n kò gbà yín nímọ̀ràn láti fi gọ́gù wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ ń bà lẹ́rù lè kọ́ gọ́gù ní adágún ìwẹ̀ títí, kò sì pàdánù ohun púpọ̀.

Ìpadà

Ẹ sọ fún atukọ̀ pé aago 3 ni ẹ óò gbéra, kì í ṣe aago 5. Afẹ́fẹ́ òkun máa ń le lẹ́yìn ọ̀sán, ojú omi a sì di gbágungbàgun. Òfin kò sì fàyè gba kí ọkọ̀ èrò máa rìn lálẹ́. Ẹ ka orí ara yín kí ọkọ̀ tó ṣí, kí ẹ sì tún yẹ láìfù jákẹ́ẹ̀tì wò, nítorí ọkọ̀ tó gbé yín padà lè má jẹ́ èyí tó gbé yín wá. Bí atukọ̀ bá ti mu ọtí, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí láàárọ̀. Ní ilé, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ iyọ̀ òkun kúrò lára gọ́gù, ọ̀pá ìmí àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ sá wọn sí ibòji, kì í ṣe sínú oòrùn, kí rọ́bà wọn má bàa là kó tó di ìgbà mìíràn.